Tínà Wàsílátù

"Wá wo nǹkan tó o ṣe. Sún mọ́ ọn dáadáa, kò ní bù ẹ́ jẹ."

Ọ̀gá Ilésanmí ló ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó di etí Ọmọ́níyì mú, ó ń fà á sún mọ́ ìdérí gíríìlì kan tí wọ́n gbé lé orí àpótí nínú oòrùn. Ọ̀dà dúdú tí ọmọ náà fín sí i lánàá ti hunjọ látòkè délẹ̀, bí awọ ọwọ́ ẹni tó fọṣọ láti àárọ̀ dalẹ́. Níbi tí kò ti hunjọ, ó ti ṣàn wálẹ̀.

"Mo ní kó o fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kó o jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ kó o tó fín èkejì. Ìwọ da gbogbo ẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ń da ọbẹ̀ lé ìrẹsì. Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́ pé obìnrin tó bá ẹ wọlé níjọ́ kan náà ló mọṣẹ́ jù ẹ́ lọ báyìí?"

Gbogbo òpópónà ló gbọ́. Aránṣọ ni èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí, Ìyá Jésùtóbi ni wọ́n ń pè mí. Ṣọ́ọ̀bù mi àti ṣẹ́ẹ̀dì Ọ̀gá Ilésanmí fara kan ara wọn ní Igando níbí, páànù lásán ló là wá láàárín. Ohun tí mi ò fojú ara mi rí nínú ọ̀rọ̀ yìí, Ọmọ́níyì ló fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́ ẹ̀ nígbà tó yá. Wọn ò sì lù ú tó kó tó jẹ́wọ́, tẹ́ ẹ bá bi mí.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú ṣẹ́ẹ̀dì náà ni kí wọ́n máa sọ gíríìlì àlòkù di tuntun. Àwọn tó ń yan ẹja tà àti àwọn tó ń sun adìyẹ láti Ìkòtún títí dé Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n ń gbé irin wọn wá tó bá ti dípẹtà. Wọ́n á họ ìpẹtà náà kúrò, wọ́n á fi sánpépà ha á títí á fi máa dán, wọ́n á fi tínà nù ún kí ọ̀rá kankan má ṣẹ́kù lára ẹ̀, wọ́n á wá fín ọ̀dà tó lè gba iná sí i. Ìgò tínà tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa ń lò.

Ọ̀gá Ilésanmí ní àṣà kan tí kì í yẹ̀. Kò sí ọmọ iṣẹ́ tó máa gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ẹ̀ láì jẹ́ pé iná dán an wò. Á fún ọmọ náà ní gíríìlì kan tó ti bàjẹ́ pátápátá, ọmọ náà á dá tún un ṣe. Tó bá di Sátidé, wọ́n á pe òbí rẹ̀, wọ́n á pe àwọn oníṣẹ́ irin àdúgbò, wọ́n á dáná èédú sínú ẹ̀, wọ́n á yan ẹja lórí ẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn. Tí ọ̀dà náà bá dúró, ọmọ gba fírídọ̀ọ̀mù nìyẹn. Tó bá ṣí, ọmọ á tún lo ọdún kan sí i, ọ̀gá ò sì ní bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀.

Ọmọ́níyì àti Wàsílátù ló kàn ní Sátidé yẹn. Wọ́n jọ jáde ilé ìwé girama ni, wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ni. Ti Wàsílátù wá ní kánjúkánjú nínú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Jàfárù, ti bá a rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìṣẹ̀rí-Olófin, ojú títì gan-an. Ẹgbẹ́ oníṣẹ́ irin kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ ò tíì fún ní fírídọ̀ọ̀mù ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ní òun á dúró dè é, ṣùgbọ́n òun ò ní dúró kọjá ìparí oṣù. Bàbá wọn ti kú. Ìyá wọn ń fọṣọ fún àwọn èèyàn, eegun ẹ̀yìn sì ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ni gbogbo ilé ń wò.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Ọjọ́bọ̀ ni, ọ̀gá fi etí Ọmọ́níyì sílẹ̀, ó lọ ra ọ̀dà ní Ìkòtún. Bó ṣe ń lọ báyìí ni Sódìq, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tó wà ní òdì kejì títì, bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́.

"Ọmọ́níyì, tí Wàsíla bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, ṣé ọ̀gá ni wàá máa pè é ni àbí àǹtí? Kí n ti mọ̀ ṣá."

Ọmọ́níyì na ọwọ́ sí ìbọn ọ̀dà. Wàsílátù ni tiẹ̀ fi iṣẹ́ tó ń ṣe sílẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdérí tó hunjọ náà.

"Má fín òmíràn lé e o," ó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. "Ojú òkè ló gbẹ, tìsàlẹ̀ ṣì tutù, ni wọ́n ṣe ń fa ara wọn. Ká họ gbogbo ẹ̀ kúrò ká tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má ran ẹnì kejì lọ́wọ́."

"Ọ̀gá wà níbí? Gbé búrọ́ṣì onírin yẹn fún mi, jàre."

Mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń họ irin láti ẹ̀yìn páànù, kíṣíkíṣí, títí eyín fi ń kan mí. Ọmọbìnrin yẹn bá a họ ọ̀dà tó bàjẹ́ kúrò, ó bá a fi sánpépà ha á, ó dúró tì í bó ṣe ń fín tuntun sí i. "Gbé ìbọn ọ̀dà ẹ jìnnà díẹ̀. Máa rìn, má dúró lójú kan. Ó tó. Jẹ́ kó gbẹ ná." Nígbà tí wọ́n máa ṣe tán, ìdérí Ọmọ́níyì dán, kò hunjọ, kò ṣàn. Ẹni tó bá ní ìwà, ọpẹ́ ló yẹ kó dú.

Ohun tí Ọmọ́níyì ń rò kọ́ nìyẹn. Ó ń wo ìdérí ti Wàsílátù, irin funfun tó ti ha tán, tí kò tíì fín ọ̀dà sí. Ó mọ̀ pé tó bá fi máa fín in tán, tòun ò ní já mọ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọ̀gá sì ti sọ pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá dára jù ní Sátidé lòun máa fi ṣe olórí iṣẹ́ ńlá kan tó ń bọ̀ láti Ẹ̀gbẹ́dá, gbogbo gíríìlì Màdáámù Akínbọ́lá, ẹni tí ilé oúnjẹ rẹ̀ kún fọ́fọ́ ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀rín Sódìq sì ṣì wà létí ẹ̀.

Wọ́n pe ìrun àsárì. Wàsílátù fọ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó fi ìbòrí rẹ̀ bo orí, ó lọ sí mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn wa. Kò tíì débẹ̀ tí Ọmọ́níyì fi yọjú sí mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bu epo màṣíìnì díẹ̀. Ìbọn ọ̀dà wa ti ń le."

Mo bu ú fún un. Kí ni mo mọ̀? Epo tí mo fi ń tọ́jú màṣíìnì tí mo fi ń jẹun ni. Ó dúpẹ́, ó tiẹ̀ dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Ó padà sínú ṣẹ́ẹ̀dì, ó ṣí ìgò tínà Wàsílátù, ó da epo náà sí i, ó mì í pọ̀. Epo màṣíìnì mọ́ gaara bí omi. Kò sí ojú tó lè rí i nínú tínà. Orí ìrun ni ọmọ ọlọ́mọ wà nígbà náà, tó ń bẹ Ọlọ́run nítorí Sátidé.

Ó dé, ó nu ìdérí rẹ̀, ó fín ọ̀dà. Bí ọ̀dà ṣe ń kan irin ló ń sá sẹ́yìn. Ihò kéékèèké yọ kiri, roboto roboto bí ojú ẹja. Oníṣẹ́ ọ̀dà kankan ò ní í rí i kó má mọ̀ ọ́n: ọ̀rá ló wà lára irin. Ọmọbìnrin náà nu gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò kíá, ó tú tínà sí àkísà, ó nu irin náà láìmọye ìgbà, ó tún un fín. Ihò tún pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínù tó ń nù ún pé kí ọ̀rá kúrò, ọ̀rá ló ń fi kún ọ̀rá.

Ọmọ́níyì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wò ó.

"Àbí ọwọ́ ẹ ló ní ọ̀rá?" ló wí. "O ò fọwọ́ dáadáa lẹ́yìn tó o jẹun ni?"

Wàsílátù gbà á gbọ́. Ó lọ síbi omi, ó ń fi ọṣẹ àti iyẹ̀pẹ̀ ha ọwọ́ ara rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi ń yọ ní ìka. Mo bi í pé kí ló dé tó ń ṣe ara ẹ̀ báyìí. Ó ní, "Àǹtí, ọwọ́ mi ló ń ba iṣẹ́ mi jẹ́." Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ jùlọ nínú ṣẹ́ẹ̀dì yẹn ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, kò sí àkókò mọ́. Ó fín ohun tó lè fín, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó ṣá gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ọ̀gá Ilésanmí ṣe ohun tó máa ń ṣe lópin gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó kórìíra kí wọ́n fi nǹkan ṣòfò, nítorí náà, tínà tó bá ṣẹ́kù nínú ìgò kálukú, wọ́n á dà á pọ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì ńlá kan, kí ìdọ̀tí rẹ̀ lè sùn sísàlẹ̀, kí wọ́n máa fi èyí tó bá tòrò nu irin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Wàsílátù da tirẹ̀ sí i. Ọmọ́níyì ń wò ó, ọkàn rẹ̀ ò lọ síbẹ̀ rárá.

Sátidé pé. Ìyá Wàsílátù wọ ìró àti bùbá tó mọ́, ó jókòó níwájú. Jàfárù dúró lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n dáná sí ti Ọmọ́níyì, wọ́n gbé ẹja sí i, ọ̀dà ò mira. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dáná sí ti Wàsílátù. Èédú ò tíì ràn dáadáa tí ojú ìdérí yẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ó wú, ó bẹ́, ó ń ṣí kélekèle, ó ń já bọ́ sórí ẹja.

Ọ̀gá Ilésanmí ò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. Ó fi ẹ̀mú mú ẹja náà tòun ti ọ̀dà lára ẹ̀, ó wé e sínú náílọ́ọ̀nù, ó gbé e lé ìyá Wàsílátù lọ́wọ́.

"Ìyá, ẹ gba ẹja yín. Ẹ lọ fi jẹ ẹ̀bà nílé. Gbogbo ohun tí ọmọ yín kọ́ lọ́dọ̀ mi nìyẹn."

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin yẹn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, sà." Ó dúpẹ́ o. Ó di náílọ́ọ̀nù ẹja gbígbóná yẹn mọ́ra, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Ọmọ́níyì bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi títí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí.

Jàfárù ò bínú lọ. Ó dúró títí àwọn èèyàn fi túká, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ọ̀gá. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó má sọ ọ́ di ọdún kan, kó tún ọmọ náà dán wò kí oṣù tó parí, nítorí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá ní, "Kó máa lọ sílé ná. Ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ Màdáámù Akínbọ́lá tí wọ́n gbé wá láàárọ̀ yìí. Tí iṣẹ́ yẹn bá lọ dáadáa, tí inú mi bá dùn, màá tún dán an wò." Gbogbo ìrètí tó kù fún wọn nìyẹn: kí iṣẹ́ yẹn má bàjẹ́.

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, Ọmọ́níyì sì ni olórí. Wọ́n họ gbogbo irin náà, wọ́n ha á, wọ́n fi tínà inú kẹ́ẹ̀gì nù ún, wọ́n fín ọ̀dà. Ojú ẹja yọ. Ó yọ lára ìdérí, ó yọ lára ẹsẹ̀, ó yọ lára gbogbo ẹ̀. Wọ́n họ ọ́ kúrò, wọ́n tún un nù, wọ́n tún un fín. Bákan náà ni. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ gba ìbọn ọ̀dà lọ́wọ́ Ọmọ́níyì, ó fín in, ọ̀dà sá mọ́ òun náà lọ́wọ́. Màdáámù Akínbọ́lá sì ń pè lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ń le sí i ní gbogbo ìgbà tó bá pè.

Ibi tí Ọmọ́níyì ti ń tú tínà sí àkísà lẹ́ẹ̀kan sí i ló ti rántí kẹ́ẹ̀gì. Ó lóun mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó lè sọ ò ju gbólóhùn kan lọ: "Ọ̀gá, tínà yẹn ò dáa." Wọn ì bá dà á nù, wọn ì bá ra òmíràn, bóyá ẹnikẹ́ni ì bá má bi í ní nǹkan kan. Ẹ̀rù bà á pé ọ̀gá á bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó panu mọ́.

Sódìq ló kọ́kọ́ fi ṣeré. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe Wàsíla ló ti fi ẹnu sí iṣẹ́ yín? Gbogbo bẹ́ ẹ ṣe dójú ti ìyá ẹ̀ yẹn."

Ọ̀rọ̀ eré ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ máa ń di ohun tó bá rí mú. Ọ̀gá yíjú sí Ọmọ́níyì. Ó bi í pé, "Ọmọ yẹn fọwọ́ kan nǹkan kan níbí kó tó lọ?"

Ẹ wò ó, ibí yìí ló dùn mí jù. Ti epo yẹn, ìlara ni, ọmọdé sì máa ń jowú. Èyí kọjá ìlara. Ọmọ́níyì wo ojú ọ̀gá rẹ̀, ó ní:

"Mo rí i, sà. Ó dúró ti àwọn irin yẹn, ó ń sọ nǹkan kan sẹ́nu. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ."

Ọ̀gá Ilésanmí kó àwọn èèyàn jọ, wọ́n gba ilé wọn lọ ní ọ̀sán gangan. Mo tẹ̀ lé wọn. Ilé onírúúmù ni, àwọn ayálégbé ń dáná lọ́wọ́ lójú pálọ̀. Wọ́n ní ojú ẹja ti bo iṣẹ́ àwọn, kí Wàsílátù jáde wá tú àwọn sílẹ̀. Ọmọ náà jáde tòun ti ọṣẹ lọ́wọ́, ó ń bá ìyá rẹ̀ fọṣọ. Ó ní kí lòun so? Wọ́n pè é ní àjẹ́. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó ń fi orí kanlẹ̀, ó ń sọ pé òun ò bí àjẹ́. Ayálégbé kan, tí Wàsílátù máa ń bá gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, wá sáré gbé ọmọ náà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ́níyì dúró lẹ́yìn èrò. Ó ń wo bàtà ara rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kadà ló gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti dé Ìṣẹ̀rí-Olófin. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù pe Jàfárù, ó ní, "Ẹ má bínú, mo ní ọmọ kéékèèké nílé. Mi ò lè gba irú ẹ̀ síwájú ilé mi." Ó ti fún ẹlòmíràn, ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ máa ta fóònù.

Àwa rò pé Wàsílátù ò ní lè yọjú síta mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wọ inú ṣẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú, ó mú gíláàsì wíńdò kan dání àti ìgò tínà tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Àwọn kan sá sẹ́yìn fún un. Kò kí ẹnikẹ́ni àfi ọ̀gá.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mi ò sùn. Mò ń ronú pé ojú ẹja tó yọ lára tèmi àti èyí tó yọ lára tiyín, kí ló pa wọ́n pọ̀? Èmi kọ́, torí mi ò sí níbí. Ọ̀dà kọ́, torí tiyín yàtọ̀ sí tèmi. Tínà ló kù, sà. Ẹ ní ká máa dà á pọ̀."

Ó gbé gíláàsì náà sínú oòrùn. Ó kán tínà tuntun sí apá kan, ó kán ti inú kẹ́ẹ̀gì sí apá kejì. Gbogbo wa dúró, a ń wò ó. Tuntun gbẹ, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ti kẹ́ẹ̀gì gbẹ, ó ku nǹkan roboto kan tó ń dán.

"Ẹ fọwọ́ kàn án, sà."

Ọ̀gá fọwọ́ kàn án. Ó yọ̀. Ó fi ìka ra á, ó gbé e símú, ó tún un ra. Ó ní, "Epo màṣíìnì."

Sódìq yíjú sí mi, àwọn yòókù náà yíjú. Ta ló ń lo epo màṣíìnì ní gbogbo ibẹ̀ bí kò ṣe èmi? Ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti tò pọ̀ lọ́kàn mi.

"Ọmọ́níyì," mo ní, "epo tó o gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí ọmọ yìí wà lórí ìrun, kí lo fi ṣe?"

Kò lè sọ pé ìbọn ọ̀dà. Ọ̀gá ti gbé ìbọn ọ̀dà náà, ó ti ṣí i, ó gbẹ táútáú. Ọmọ́níyì kúnlẹ̀. Ọ̀gá gbá a létí, ó tún gbá a ní ìkejì, ẹkún ni Ọmọ́níyì fi sọ gbogbo ẹ̀, látorí epo títí dórí irọ́ pé ọmọbìnrin náà ń sọ nǹkan sẹ́nu. Nígbà tó sọ ìyẹn, Wàsílátù tó ti ń wò ó látìgbà yìí gbójú kúrò lára ẹ̀.

Ọ̀gá Ilésanmí gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ Ọmọ́níyì níbẹ̀, ó lé e, ó ní kò gbọdọ̀ pe ara ẹ̀ lọ́mọ iṣẹ́ òun mọ́ láyé. Ó wá yíjú sí Wàsílátù, ó ní kó máà bínú, kó bá òun yanjú iṣẹ́ Màdáámù. Ẹnu tó fi pè é ní àjẹ́ ò tíì gbẹ. Ọmọbìnrin náà ṣe é. Ó da tínà inú kẹ́ẹ̀gì nù, ó da gbogbo àkísà nù. Ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ irin kọ̀ọ̀kan, ó sá a sóòrùn, ó ha á, ó fi tínà tuntun àti àkísà tuntun nù ún, ó fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó ń dúró kó gbẹ. Ọ̀dà yẹn dúró. Wọ́n dáná sí i níṣojú àwọn tó fi ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò mira. Ọ̀gá fún un ní fírídọ̀ọ̀mù lọ́jọ́ náà. Ó gbà á, kò rẹ́rìn-ín. Fírídọ̀ọ̀mù láìsí ṣọ́ọ̀bù, ibo ló máa gbé e lọ?

Nígbà tó yá, àwọn òbí Ọmọ́níyì mú un lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Wàsílátù. Wọ́n pe èmi náà mọ́ ọn. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kó ṣá ti sọ pé òun ti dárí jì í.

"Ẹ̀yin àgbà, ẹ dìde, ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣẹ̀ mí," Wàsílátù sọ bẹ́ẹ̀. Ó wá wo Ọmọ́níyì. "Mi ò tíì dárí jì ẹ́. Lọ bá onílé Ìṣẹ̀rí-Olófin, sọ fún un pé èmi kì í ṣe àjẹ́. Lọ sọ fún àwọn ọlọ́kadà. Kan ilẹ̀kùn yẹn, kó o sọ fún obìnrin tó gba ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mi. Gbogbo ẹni tó gbọ́ irọ́ yẹn, wá wọn rí. Tó o bá ti sọ fún wọn tán, padà wá."

Ọmọ́níyì lọ. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó lọ lóòótọ́. Onílé ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta fóònù ti kó ẹrù wọlé. Àwọn ọlọ́kadà ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Ó wá kan ilẹ̀kùn obìnrin yẹn, ó kúnlẹ̀, ó ní irọ́ lòun pa, Wàsílátù kì í ṣe àjẹ́. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Ẹ ò rí i bó ṣe ń gbọ̀n?" ló sọ fún àwọn ayálégbé. "Ọmọ yẹn ló rán an. Ó ti mú òun náà."

Bí irọ́ ṣe rí nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kà á. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń jowú ọmọ kíláàsì yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé tẹ́ ẹ bá ba ẹlòmíràn jẹ́ díẹ̀, ẹ lè bẹ̀bẹ̀ tó bá yá, ẹ fọkàn sí i. Àforíjì rọrùn láti tọrọ, ṣùgbọ́n orúkọ tẹ́ ẹ bá ti bà jẹ́ ò sí lọ́wọ́ yín mọ́, ó ti wà lẹ́nu àwọn tí ò ní gbà yín gbọ́. Ẹ má ṣe é rárá, torí pé tẹ́ ẹ bá ti ṣe é, ẹ̀yin gan-an ò ní lè tún un ṣe.

Ìjẹ̀gùn ni Wàsílátù wà báyìí, ó ń bá ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ níbi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n. Ọmọ́níyì ṣì ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ òótọ́ fún wọn, wọ́n sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú.